Ìda lójú Awọ, Bóòtù láàrin Wáyà: Akin Euba, Ìlù Bàtá àti Ìbéèrè Àwọ̀ Ohùn nínú Orin Dùùrù

Àṣamọ̀

Èrò tí Akin Euba sọ lórúkọ African Pianism ní 1970 ti di òpó pàtàkì nínú ẹ̀kọ́ orin àkọsílẹ̀ ní Nàìjíríà. Èrò náà gbà pé píánò lè máa hùwà bí ohun èlò orin ilẹ̀ Áfíríkà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan inú rẹ̀. Iṣẹ́ yìí gbé èrò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ píánò tí John Cage ki bóòtù àti rọ́bà bọ inú rẹ̀, ó sì fi ìda wo àwọn méjèèjì, ìyẹn èròjà dúdú tí onílùú ń lẹ̀ mọ́ ojú bàtá àti gúdúgúdú. Àbá tí iṣẹ́ náà dá ni pé dùndún ni Euba fi ṣe àwòkọ́ṣe fún píánò, nígbà tó jẹ́ pé bàtá ni ìbátan píánò ní tòótọ́. Àṣìmú àwòkọ́ṣe yìí ló fà á tí ọ̀rọ̀ ipele ohùn fi gba gbogbo àyè nínú lámèyítọ́ orin dùùrù wa, tí àwọ̀ ohùn kò fi rí ibi jókòó sí.

Ìfáárà

Lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Àgbádárìgì, ní agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomaiko, dùùrù kì í jìnnà sí etí. Ọjà Àlàbá wà níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀rọ oníná oríṣiríṣi, títí kan dùùrù oníná tí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń rà. Bárékè ológun Ọ̀jọ́ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àṣà fèrè àti ìlù tó máa ń bá iṣẹ́ ológun rìn. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983, wà ní àdúgbò kan náà, wọ́n sì ń kọ́ni ní eré oníṣe àti orin níbẹ̀. Àmọ́ píánò onígi, èyí tó ní wáyà àti òòlù nínú, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé ní gbogbo ilé. Ó wúwo, ó wọ́n, ọ̀rinrin ilẹ̀ olómi sì máa ń mú kí igi rẹ̀ wú, kí wáyà rẹ̀ sì dípẹtà.

Ní irú ibi báyìí, ìbéèrè tó dà bí eré lásán ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà di ọ̀rọ̀ tó gba àròjinlẹ̀: ṣé ó tọ́ kí èèyàn ṣí píánò, kí ó ki irin àti rọ́bà sáàrin wáyà rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè yí padà? Àwọn olùṣẹ̀dá orin àkọsílẹ̀ tó jẹ́ Yorùbá ti lo píánò fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìlù, wọ́n gbé e sáàrin ìlù, wọ́n fi kọ orin tó tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀. Àmọ́ àwọn iṣẹ́ wọn tó gbajúmọ̀ jù lọ fi inú píánò sílẹ̀ bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílámèyítọ́ ka èyí sí ohun tí kò nílò àlàyé. Iṣẹ́ yìí kà á sí ohun tó yẹ kí wọ́n ṣàlàyé, nítorí pé àwọn tó fi inú píánò sílẹ̀ yìí ni ọmọ àwùjọ tí ó ti ń lẹ nǹkan mọ́ ojú ìlù láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ohun tó wà nínú àpótí

Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá pe ohun èlò olókùn tí Dáfídì ń ta ní dùùrù. Orúkọ yìí kan náà ni ahọ́n Yorùbá wá fún ọ́gáànù ṣọ́ọ̀ṣì àti píánò. Ní ti píánò, orúkọ náà bá a mu ju bí àwọn tó ń pè é ṣe lè rò lọ. Bí èèyàn bá ṣí ìdérí rẹ̀, ohun tí yóò rí ni háàpù ńlá kan: wáyà irin bíi 230, tí wọ́n fà le tantan lórí férémù irin. Bọ́tìnì 88 ló ń gbé òòlù kéékèèké tí wọ́n fi irun àgùntàn bò lórí. Ní apá ibi tí ohùn ti ga, wáyà mẹ́ta mẹ́ta ló ń dún fún bọ́tìnì kan ṣoṣo. Píánò jẹ́ háàpù lóòótọ́, ṣùgbọ́n háàpù tí wọ́n ń lù ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ta. Ohun èlò olókùn ni, ohun lílù sì ni pẹ̀lú.

Ní 1925, Henry Cowell ti kọ orin kan, The Banshee, níbi tí olórin ti dìde kúrò lórí bọ́tìnì, tó sì ń fi ọwọ́ ra wáyà fúnra rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ Cowell ni John Cage. Ní 1940, ní ilé-ẹ̀kọ́ Cornish ní ìlú Seattle, oníjó aláwọ̀ dúdú kan, Syvilla Fort, ní kí Cage ṣe orin fún ijó kan tó ní ọwọ́ Áfíríkà nínú. Ẹgbẹ́ onílùú ni Cage ì bá lò, ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà kéré, kò gba ju píánò kan lọ. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ròyìn rẹ̀, ó gbé àwo irin lé wáyà, àwo ń ta dànù. Ó fi ìṣó há a, ìṣó ń yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ìgbà tó fi bóòtù tó ní ojú yíyí sí i ni ó tó dúró. Bí orin tó ń jẹ́ Bacchanale ṣe di orin nìyẹn, bí píánò abóòtù-nínú náà sì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Láàrin 1946 sí 1948 ni Cage kọ Sonatas and Interludes, níbi tí ó ti pa àṣẹ ohun tí wọn yóò fi sí wáyà bọ́tìnì 45 àti ibi pàtó tí ohun kọ̀ọ̀kan yóò wà.

Kókó méjì nínú ìtàn yìí ló yẹ kí onílámèyítọ́ tó jẹ́ Yorùbá dì mú. Èkíní ni pé àìrí ìlù lò ló bí ọgbọ́n náà. Cage kò fẹ́ ba píánò jẹ́. Ó fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo lè rí iṣẹ́ ẹgbẹ́ onílùú ṣe. Èkejì wà nínú ọgbọ́n iṣẹ́ náà gan-an. Bí bóòtù bá wà láàrin wáyà kejì àti ìkẹta, tí olórin sì tẹ pẹ́dàlì apá òsì, òòlù yóò sún díẹ̀, kò ní í lu gbogbo wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, ohùn yóò sì yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀. Bọ́tìnì kan náà ti di ohùn méjì. Ohun tó yí padà níbẹ̀ ju gíga tàbí ìsàlẹ̀ ohùn lọ. Ohun tó mú kí etí mọ ohùn agogo yàtọ̀ sí ohùn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ló yí padà, èyí tí iṣẹ́ yìí ń pè ní àwọ̀ ohùn.

Ìda àti ọwọ́ onílùú

Kò sí onílùú bàtá tó máa rò pé àrà ńlá ni kí èèyàn lẹ nǹkan mọ́ ohun èlò orin. Ìyáàlù bàtá ní ojú méjì: ojú òjò tó fẹ̀, àti ṣáṣá tó kéré, èyí tí wọ́n ń fi bílálà nà. Ìda, èròjà dúdú tó rọ̀ tó sì ń lẹ̀, ni wọ́n máa ń fi sí ojú òjò. Ìwúwo rẹ̀ ń rẹ ohùn awọ sílẹ̀, ó sì ń gé ariwo tó bá fẹ́ máa tàn káàkiri. Gúdúgúdú, ìlù kékeré tí wọ́n ń gbé kọ́rùn nínú ẹgbẹ́ dùndún, náà ní ìda láàrin ojú rẹ̀. Bí onílùú bá fẹ́ kí ohùn wúwo sí i, yóò fi kún un. Bí ó bá fẹ́ kí ó fúyẹ́, yóò dín in kù. Ní ti ìyáàlù dùndún, ṣaworo tí wọ́n so yí ojú rẹ̀ ká ń da ìró idẹ pọ̀ mọ́ ìró awọ, débi pé ohùn awọ nìkan kì í dé etí láìsí ohùn idẹ lẹ́yìn rẹ̀.

Àṣà yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní àríwá Gánà àti Burkina Faso, àwọn tó ń ṣe gyil, ohun lílù onígi tó ní akèrègbè lábẹ́, máa ń lu ihò sára akèrègbè náà, wọn a sì fi awọ tín-ín-rín tí aláǹtakùn fi bo ẹyin rẹ̀ dí i, kí ohùn lè máa kùn. Ní Zimbabwe, wọ́n máa ń so karawun tàbí ìdérí ìgò mọ́ mbira. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, etí kò fẹ́ ohùn tó mọ́ gaara bí omi àfọ̀nù. Ohùn tó ní ẹran lára ni wọ́n ń wá.

Nǹkan kan wà níbí tó ya onílùú sọ́tọ̀ sí atẹpíánò ilẹ̀ Yúróòpù. Onílùú ló ń tọ́jú ìlù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun ló ń sá a sóòrùn bí awọ bá tutù, òun ló ń fa ọ̀ṣán, òun ló ń lẹ ìda. Láàrin àwọn ìdílé tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Àyàn, ìtọ́jú ìlù jẹ́ apá kan nínú ìmọ̀ ìlù lílù. Ní ti píánò, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ àti ẹni tó ń tún un ṣe kì í sábà jẹ́ ẹnì kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ píánò fún ogún ọdún láìmọ bí wáyà ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀. Nígbà tí Cage ní kí atẹpíánò fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta to bóòtù kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ipò onílùú ló dá a padà sí.

Dùùrù Akin Euba

Akin Euba (1935–2020) jẹ́ ọmọ bíbí Èkó. Ó kẹ́kọ̀ọ́ píánò àti iṣẹ́ orin kíkọ ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba Nàìjíríà, ó tún kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní UCLA ní Amẹ́ríkà, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Gánà ní Legon ní 1974. Ìlù dùndún ni iṣẹ́ ìwádìí oyè náà dá lé, òun náà ló sì di ìwé ńlá rẹ̀, Yoruba Drumming: The Dùndún Tradition, tó jáde ní 1990. Ó kọ́ni ní Ifẹ̀ àti Èkó kí ó tó lọ sí Bayreuth ní Jámánì, lẹ́yìn náà Pittsburgh ní Amẹ́ríkà. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnì kan jẹ́ atẹpíánò, olùṣẹ̀dá orin àti ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìlù lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹnikẹ́ni bá wà tó mọ ìda, tó sì mọ inú píánò, òun ni.

Nínú èrò African Pianism, Euba tọ́ka sí àwọn ọ̀nà tí píánò fi lè gba ìwà Áfíríkà: kí wọ́n máa tún ẹ̀yà orin kan sọ lemọ́lemọ́, kí wọ́n yá ohùn orin ìbílẹ̀ lò, kí wọ́n to ìlù lé ìlù lọ́wọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì, kí wọ́n sì máa lu píánò bí ohun lílù. Ó ṣàkíyèsí pé píánò ti súnmọ́ àwọn ohun èlò bí agídìgbo tẹ́lẹ̀. Lójú rẹ̀, Áfíríkà ti wà nínú píánò. Ọwọ́ tí yóò pè é jáde ló kù. Àwọn mìíràn bá a rìn ní ọ̀nà yìí. Kwabena Nketia, olùkọ́ rẹ̀ ní Legon, fi orúkọ kan náà pe ìwé orin píánò rẹ̀ tó jáde ní 1994. Joshua Uzoigwe (1946–2005), tó jẹ́ ọmọ Igbo, kọ Talking Drums fún píánò. Ní 1999, àwọn onímọ̀ pé jọ ní Pittsburgh láti jíròrò lórí èrò náà.

Iṣẹ́ méjì lára iṣẹ́ Euba ló fi ibi tí èrò náà lágbára àti ibi tí ó ti dúró hàn. Èkíní ni Igi Ńlá So ti 1963, tí ó kọ fún píánò àti ìlù Yorùbá. Píánò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, ìlù wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Iṣẹ́ náà ní ìgboyà púpọ̀ fún ìgbà tó jáde. Àmọ́ ohun tó ń ṣe ni pé ó ń gbé ohùn tí píánò kò ní wá sí ẹ̀gbẹ́ píánò. Àwọ̀ ohùn wà lọ́dọ̀ ìlù, ipele ohùn wà lọ́dọ̀ píánò, àwọn méjèèjì sì ń kí ara wọn láti òkèèrè. Ohun tí Cage kò rí àyè fún ní Seattle ni Euba rí àyè fún ní Nàìjíríà: ó ní onílùú. Nítorí náà, kò sí ìdí tí yóò fi wá ìlù lọ sínú píánò.

Iṣẹ́ kejì ni Scenes from Traditional Life ti 1970, tó jẹ́ fún píánò nìkan. Onílùú ti kúrò níbẹ̀. Euba lo ètò ohùn méjìlá tí àwọn ará Vienna dá sílẹ̀, ó sì gbé e lé orí ìlù tó ń dì mọ́ra bí ti ẹgbẹ́ onílùú. Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ ka èyí sí àdàlù àjèjì: kí ni ohùn méjìlá ń wá nínú ayé àtijọ́ Yorùbá? Ìkà náà kò tọ̀nà. Nígbà tí ipele ohùn kò bá ní ilé kan tó ń padà sí mọ́, etí yóò jáwọ́ nínú títẹ̀lé e bí orin àkọ́sórí. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ lílù, ìwúwo, àti ọ̀nà tí ohùn gbà bẹ̀rẹ̀ tó sì gbà parí. Euba kò fọwọ́ kan wáyà píánò. Etí olùgbọ́ ló tún ṣe. Ìda rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú etí ló lẹ̀ ẹ́ sí.

Dùndún ni, tàbí bàtá?

Ibí yìí ni ìjà wà. Dùndún ni ìlù tó ń sọ̀rọ̀ jù lọ létí gbogbo ènìyàn. Bí onílùú bá fún ọ̀ṣán rẹ̀, ohùn yóò gòkè; bí ó bá tú u sílẹ̀, ohùn yóò sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe ohùn mẹ́ta tó dúró gbagidi nìkan ló ní, ó tún ní yíyọ́ láti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, èyí tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kò lè ṣe aláìní. Píánò kò lè yọ́. Ohùn bọ́tìnì kan dá dúró, ti èkejì náà dá dúró, kòtò sì wà láàrin wọn. Ẹni tó bá fi dùndún ṣe àwòkọ́ṣe fún píánò ti yan ohun kan ṣoṣo tí píánò kò lè ṣe láé, yóò sì máa fi ọgbọ́n orí wá ohun tí yóò fi dí kòtò náà.

Bàtá yàtọ̀. Kò ní ọ̀ṣán tí wọ́n ń fún nígbà lílù. Ohùn ojú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó wà, bíi ti píánò. Síbẹ̀, bàtá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ ni pé ó ń da lílù àyè àti lílù pípa pọ̀, ó ń so ojú òjò pọ̀ mọ́ ṣáṣá, ó sì ń fi ìyàtọ̀ àwọ̀ ohùn ṣe ohun tí dùndún ń fi yíyọ́ ṣe. Nítorí èyí ni àwọn èèyàn ṣe ń sọ pé bàtá ń kólòlò, tí àwọn onílùú fúnra wọn sì ní ẹ̀nà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn. Ìwé Amanda Villepastour tó jáde ní 2010 fi hàn pé kólòlò náà kì í ṣe àléébù. Ètò ni, ó sì ní òfin tó jinlẹ̀.

Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, bàtá ni ìbátan píánò, kì í ṣe dùndún. Méjèèjì ní ohùn tó dúró gbagidi. Méjèèjì ń jẹ́ lílù. Ọ̀nà tí bàtá sì gbà bọ́ lọ́wọ́ ìdènà náà ni ìda, lílù pípa, àti ojú méjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu. Ọ̀nà yìí ṣí sílẹ̀ fún píánò: rọ́bà láàrin wáyà dà bí ọwọ́ tó pa ohùn awọ, bóòtù dà bí ṣaworo, pẹ́dàlì òsì tó ń sún òòlù kúrò lórí wáyà kan dà bí ìyípadà láti ojú òjò sí ṣáṣá. Ohun tí Euba fi ọgbọ́n orí ṣe nínú Scenes from Traditional Life, ìda gidi ì bá ti bá a ṣe é, pẹ̀lú ohùn ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀.

Èyí kò sọ pé Euba kùnà. Ó sọ pé ìmọ̀ ìlù tó jinlẹ̀ jù lọ tó ní ló fa ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀nà kan. Ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún tẹ́tí sí dùndún yóò gbà pé ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere ni ògo ohun èlò orin. Bàtá kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí òwe bí òwe ni wọ́n ń lu ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn tó wà nínú òwe yẹn ni pé ìbòjú pẹ̀lú lè jẹ́ ọ̀nà ìsọ̀rọ̀.

Àwọn ẹ̀sùn tó ṣe é fi kan àbá yìí

Ẹ̀sùn àkọ́kọ́ ti ọ̀dọ̀ èdè wá. Yorùbá jẹ́ èdè olóhùn. Nígbà tí àwọn ìjọ kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí ohùn orin ìsìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin ń tẹ ohùn ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń yí padà lẹ́nu àwọn olùjọ́sìn. Ìran T.K.E. Phillips (1884–1969), ẹni tó jẹ́ atẹ-ọ́gáànù ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, tí ó sì kọ ìwé Yoruba Music ní 1953, jà kí orin lè bọ̀wọ̀ fún ohùn ọ̀rọ̀. Fún irú ìran bẹ́ẹ̀, píánò tí ipele ohùn rẹ̀ dúró pé ni ohun ìjà. Bóòtù tó bá wọ inú rẹ̀ máa da ipele ohùn rú, ìtumọ̀ lè lọ. Ẹ̀sùn yìí wúwo, kò sì ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ìdáhùn tó wà fún un ni pé ìda kò pa ìtumọ̀ lẹ́nu bàtá. Ó yí ọ̀nà rẹ̀ padà ni. Ohun tí píánò abóòtù-nínú nílò ni òfin bíi ti ẹ̀nà bàtá, tí yóò sọ àwọ̀ ohùn tó dúró fún ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀. Láìsí òfin bẹ́ẹ̀, ariwo lásán ni yóò kù.

Ibí ni Cage àti bàtá ti pínyà. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, Cage fẹ́ kí ohùn dá dúró láìsọ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Onílùú bàtá ń lẹ ìda kí ìlù lè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Nítorí náà, kò bójú mu kí onílámèyítọ́ Yorùbá fò sókè pé àwọn baba ńlá òun ti ṣe é kí Cage tó ṣe é. Ọwọ́ wọn jọra, èrò wọn kò jọra. Ìgbéraga tó bá pa ìyàtọ̀ yìí rẹ́ yóò gba ìda lọ́wọ́ onílùú, yóò sì sọ ọ́ di ẹ̀dà àkọ́kọ́ ohun tí àwọn mìíràn ṣe ní Seattle.

Ẹ̀sùn kejì ni pé ọ̀nà mìíràn wà láti yí dùùrù padà. Ní Gúúsù Áfíríkà, Kevin Volans tún wáyà harpsichord fà ní ọ̀nà tó súnmọ́ ipele ohùn orin Áfíríkà fún White Man Sleeps ní 1982. Iṣẹ́ náà ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ipele ohùn ni pàtàkì ohun tó tún ṣe. Ó fi hàn pé èèyàn lè ṣí ohun èlò kí ó sì tún gbàgbé láti béèrè nípa àwọ̀ ohùn.

Ẹ̀sùn kẹta ni ti owó, òun ló sì nípọn jù ní Ọ̀jọ́. Níbi tí píánò kan ṣoṣo ti ń sin ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, ta ni yóò ki irin sí i nínú? Bóòtù tí wọ́n fi sí i láìmọ̀ọ́ṣe lè ha wáyà tàbí ba irun orí òòlù jẹ́. Cage fúnra rẹ̀ kọ ìlànà rẹ̀ lọ́nà tí gbogbo ohun tó wọlé yóò fi jáde láìṣe píánò ní jàǹbá. Rọ́bà àti bébà tí ọwọ́ tó gbọ́n fi sí i kì í pa á lára. Síbẹ̀, ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ti òpè. Píánò dé sí Èkó gẹ́gẹ́ bí ohun ọlọ́lá, nínú ilé-ìjọsìn àti ilé ọ̀làjú. Kò dé gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹni tó ń lò ó lè tún ṣe. Ọ̀wọ̀ yìí ti mú kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa bẹ̀rù inú rẹ̀, ìbẹ̀rù náà sì wà lára ohun tó ń ti ìdérí rẹ̀ pa.

Dùùrù oníná láti Àlàbá

Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń jiyàn lórí píánò onígi, àwọn atẹdùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ti bá ọ̀nà tiwọn lọ. Dùùrù oníná ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan lápá òsì. Bí olórin bá yí i, ohùn yóò yọ́ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ohun tí píánò kò lè ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, ìka kan ló ń ṣe é báyìí. Atẹdùùrù tó bá fi ohùn dùndún sínú ẹ̀rọ rẹ̀, tó sì ń yí kẹ̀kẹ́ náà bí ìgbà tí apá ń fún ọ̀ṣán, ti dí kòtò tó wà láàrin bọ́tìnì kan àti èkejì. Ní ọ̀nà yìí, àlá tó fi dùndún ṣe àwòkọ́ṣe ti ṣẹ, kì í ṣe nínú gbọ̀ngàn orin àkọsílẹ̀ bí kò ṣe nínú ìsìn alẹ́.

Àmọ́ nǹkan kan sọnù nínú àṣeyọrí náà. Àwọ̀ ohùn inú ẹ̀rọ wá láti inú àkọsílẹ̀. Yíyàn ni olórin ń yàn án. Dùndún tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ ohùn ìlù kan, ní ọjọ́ kan, lọ́wọ́ onílùú kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára ẹ̀rọ. Ojú ọjọ́ kò mú un, kò sí ẹni tó ń sá a sóòrùn. Ìda jẹ́ ohun tí ọwọ́ ń fi kún tí ọwọ́ sì ń dín kù, títí etí yóò fi sọ pé ó tó. Ìdí nìyí tí píánò onígi, pẹ̀lú gbogbo ìnira rẹ̀, fi ṣì ní ẹ̀kọ́ tí dùùrù oníná kò lè kọ́ni: pé ohùn ní ara, ara náà sì ṣe é tọ́jú.

Ìgúnlẹ̀

Lámèyítọ́ orin dùùrù Yorùbá ti pẹ́ lórí ìbéèrè kan: báwo ni píánò ṣe lè tẹ̀lé ohùn èdè wa? Ìbéèrè náà tọ́, Euba àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fún un ní èsì tí kò ní í parẹ́. Ohun tí iṣẹ́ yìí fi kún un ni pé ìbéèrè kejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: irú ara wo ni ohùn píánò ní, ta ló sì ní ẹ̀tọ́ láti fọwọ́ kan ara náà? Dùndún kò lè dáhùn ìbéèrè yẹn tán. Bàtá lè bá a dé ibi tó jìnnà, nítorí ó ti gbé pẹ̀lú ohùn tó dúró gbagidi, ó sì ti kọ́ bí yóò ṣe fi àwọ̀ sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ tó kù wà lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ní píánò kan ní ìtòsí àti onílùú bàtá kan tí wọ́n lè jókòó tì. Kí onílùú kọ́kọ́ fi bí ìda ṣe ń yí ohùn awọ padà hàn wọ́n. Kí wọ́n tẹ̀ bọ́tìnì kan, kí wọ́n fi rọ́bà pa wáyà rẹ̀, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tó gbọ́. Kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ orin. Bí onílùú náà bá sọ pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, èsì ni ìyẹn náà, wọ́n sì lè yọ rọ́bà náà, kí wọ́n tún un fi síbòmíràn.